Tọ́ọ̀ṣì Tí O Ò Tètè Tàn

Ọdún mẹ́ta ti yí lórí ibojì rẹ, Bàbá Tọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi. Lójú àwùjọ, ẹ̀yin ni mo máa ń pè ọ́. Lónìí, ìwọ ni o. Inú ń bí mi, ẹnu mi ò gba ẹ̀yin.

Ní ọdún kìíní, omijé ni mo fi kọ ìrántí rẹ. Ní ọdún kejì, ẹ̀rín ni mo fi kọ ọ́, mo ròyìn bí o ṣe jábọ́ lórí àkàbà, tó o ní bí o ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún yìí, ẹjọ́ ni mo bá wá. Àwọn ọmọ ní kí n ṣe sùúrù, kí n mu omi tútù. Mo ní kí wọ́n gbé omi tútù fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ ilé. Àkọ́bí rẹ ti parí yàrá ẹ̀yìn tó o kọ́ dé ojú fèrèsé kó o tó lọ. Òrùlé rẹ̀ ò jò, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tì, torí ìwọ lo wọn ẹnu ọ̀nà náà, ìwọ àti ojú rẹ méjèèjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oyún tí ìyàwó rẹ̀ ní nígbà tí o lọ ti di ọmọ tó ń sáré kiri ilé. Etí rẹ ló gbé wáyé. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ńṣe là ń di ọmọ náà mú.

Àjọ̀dún fíìmù náà ti dàgbà. Inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, aṣọ funfun lẹ ta mọ́ ògiri. Aṣọ ibùsùn mi ni, mi ò tíì gbàgbé. Látìgbà tó o ti lọ, gbọ̀ngàn tuntun ni wọ́n ń lò, gbogbo ìlú tó yí wa ká ló ń wá. Fíìmù láàárọ̀, fíìmù lọ́sàn-án. Láàárín wọn, àwọn oníṣẹ́ fíìmù á jókòó sórí pèpéle, wọn á máa jíròrò lórí iṣẹ́ wọn, káàdì orúkọ á wà lọ́rùn wọn bí ẹran tí wọ́n fẹ́ tà. Mo lọ jókòó gbọ́ ìjíròrò kan. Mo sùn. Wọ́n ní mo hanrun débi pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé nǹkan kan ń kùn nínú rẹ̀.

Àga ibẹ̀ rọ̀, ó sì jìn. Bí ìdí bíi tèmi bá wọ inú rẹ̀, ó di kí wọ́n fà á yọ.

Ṣùgbọ́n títí o fi lọ, iṣẹ́ tiwa méjèèjì ò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti àwọn olórin á wà níwájú, màá máa kọrin bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé. Ìwọ á wà lókè lẹ́yìn, nínú yàrá ẹ̀rọ, wàá máa to fíìmù. Bí ohun gbogbo bá ti ṣe tán, wàá tan tọ́ọ̀ṣì lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti rí i, màá pa orin dé, wọn á paná, fíìmù á bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá rí i, mi ò gbọdọ̀ dákẹ́. Àdéhùn wa nìyẹn. Ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ rẹ náà ń tan tèmi fún mi, kì í pẹ́. Ìwọ náà kì í pẹ́.

Àfi lọ́dún tó kẹ́yìn.

O rántí ìrọ̀lẹ́ yẹn nínú ilé ìkẹ́rùsí? Mo kọrin, mo kọrin, tọ́ọ̀ṣì ò tàn. Mo kọ gbogbo èyí tí mo mọ̀. Mo kọ èyí tí mi ò mọ̀. Onígìtá ń wò mí, ìka rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo ní ọkùnrin yìí ti sùn lọ. Ni mo bá fi ọ́ kọrin:

Orí ńlá tó sùn ti ẹ̀rọ,
Ẹ bá mi jí i, ẹ bá mi jí i.
Bí fíìmù ò bá bẹ̀rẹ̀, n ó gòkè wá,
N ó fa etí rẹ bí okùn agogo.

Ẹ̀rín sọ. Orí orin yẹn ni tọ́ọ̀ṣì tó tàn, lẹ́ẹ̀mejì. Mo bú ọ títí a fi délé. Ńṣe lò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, o ní oorun ló gbé ọ lọ.

Irọ́ lo pa fún mi.

Kí ọdún tó yí po, o jókòó sórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o ò dìde mọ́. Ikú òjijì ni mo ń pè é fún gbogbo ẹni tó wá kí wa. Mo ní o ò jìyà, mo ní ìwọ fúnra rẹ ò mọ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ obìnrin, oníkámẹ́rà, jókòó tì mí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ. Kò fọhùn.

Ọmọ náà ti di ẹni ńlá nídìí fíìmù. Fíìmù tiẹ̀ ni wọ́n fi kádìí àjọ̀dún tọdún yìí. Ó ní nípa rẹ ni. Inú mi dùn, mo ra bàtà tuntun, mo lọ jókòó síwájú pátápátá, gúgúrú kún ẹnu mi.

Wọ́n paná. Kí ni mo rí? Yàrá ẹ̀rọ ni. Ìwọ rèé lórí àpótí rẹ, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ohùn mi ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, mò ń kọrin. Gbogbo gbọ̀ngàn ló dá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mọ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, tèmi ló sì dún jù. Mo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ lẹ́yìn kámẹ́rà: "Bàbá, tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìyá ń dúró o."

O ò wò ó. Ìsàlẹ̀ lò ń wò, ibi tí mo wà.

"Fi í sílẹ̀," lo wí. "Dókítà ní mi ò ní rí àjọ̀dún tó ń bọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ yó."

Ẹ̀rín tí mo ti kó síta, mi ò mọ ibi tí màá dá a padà sí.

O tún ní kí ọmọ náà búra pé kò ní sọ fún mi. O ní bí mo bá mọ̀, ẹ̀rín á tán nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ilé tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lo fẹ́ kú sí. Bàbá Tọ́ọ̀ṣì, ta ló fún ọ láṣẹ? Èmi tí mo mọ ẹsẹ̀ tó o kọ́kọ́ máa ń kì bọ ṣòkòtò. Èmi tó jẹ́ pé bí èèyàn bá kún yàrá, mo mọ ìsó tó jẹ́ tìrẹ, mo sì máa ń gbà á sọ́rùn ara mi nítorí àlejò. Oògùn tó o ní ti ẹ̀yìn ríro ni, èmi ni mò ń bu omi tó o fi ń gbé e mì! Wọ́n ní inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mo ti rò pé ilé ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ.

O dágbére fún mi, èmi ò mọ̀ pé ìdágbére ni. Ìwọ nìkan lo dá a ṣe. Èmi, èébú ni mo fi sìn ọ́ sọ́nà.

Bí fíìmù ṣe parí, wọ́n to àga sórí pèpéle, wọ́n ní kí ọmọ rẹ wá dáhùn ìbéèrè. Ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì bi í pé ìgbà wo ni ìyá rẹ̀ wá mọ̀. Ọmọ rẹ wo ibi tí mo jókòó sí.

"Ìsinsìnyí ni," ó ní.

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo fẹ́ dìde, kí n rọra fi iyì jáde. Àga ò gbà. Mo fà, àga náà fà. Obìnrin méjì ló bá mi gba ara mi lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà tuntun ẹsẹ̀ kan sì há síbẹ̀. Ọkọ dà mí, ọmọ dà mí, àga ló kù tí kò fẹ́ kí n lọ.

Níta, mo jókòó sórí àpótí àwọn olórin, ẹsẹ̀ kan lásán. Onígìtá gbé omi wá fún mi.

"Màmá, orin tẹ́ ẹ fi ń parí àjọ̀dún ńkọ́? Àwọn èèyàn ń retí yín."

"Ta ni kí n kọ ọ́ fún?"

Ó wo ìka rẹ̀. "Fún èmi náà ni, mà. Ìka mi ti sinmi tó látọjọ́ yẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mi ò kọrin. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àjọ̀dún náà máa parí láìgbọ́ ohùn mi. Látọjọ́ náà, mi ò kọrin ní balùwẹ̀, mi ò kọrin fún ọmọ ọmọ rẹ. Bí àbíkẹ́yìn rẹ bá pè, màá ní kí wọ́n sọ fún un pé mo ti sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan. Àwọn àjọ̀dún ìlú mìíràn ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé fíìmù náà wá. Ó ní àfi bí ìyá òun bá gbà. Mo ní kó lọ bi bàbá rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń pa àṣírí mọ́.

Láàárọ̀ yìí, ó wá fúnra rẹ̀. Mò ń fọ abọ́, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ìyá mi, àìmọye ìgbà ni mo ti wá kí n sọ fún yín. Bí mo bá ti jókòó báyìí, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ò ní lè jáde mọ́. Mo wá rò pé ó sàn kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá fúnra wọn."

"Lójú gbogbo ayé?"

"Mo ṣìṣe, mà." Ó tọwọ́ bọ àpò. "Ohun kan wà tí mi ò fi sínú fíìmù yẹn."

Ó yọ fóònù jáde. Ohùn mi ló ti ibẹ̀ jáde: orin orí ńlá. Ó ní o bẹ òun kí òun bá ọ gbé orin náà sínú fóònù tìrẹ. O rántí okùn fóònù tó o máa ń kì bọ etí lóṣù tó kẹ́yìn, tí mo máa ń pariwo lé ọ lórí pé ìròyìn wù ọ́ gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ? O kì í dáhùn, wàá kàn máa rẹ́rìn-ín. Ìròyìn kọ́. Èmi ni. Èmi tó ń bú ọ ni, lójoojúmọ́, títí dórí àga yẹn. Okùn náà wà létí rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọwọ́ mi ni mo fi yọ ọ́. Mi ò rò ó kí n gbé e sétí ara mi.

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ ọṣẹ gbá ọmọ rẹ lórí. Lẹ́yìn náà ni mo dì mọ́ ọn. A jọ sunkún, ọṣẹ wọ̀ wá lójú, a ò mọ èyí tó jẹ́ tọṣẹ.

Mo ti gbà kó gbé fíìmù náà lọ síbi tó bá wù ú. Àmọ́ mo ní kó gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá nírọ̀lẹ́ òní, ó ku orin kan tó máa so mọ́ ìparí rẹ̀. Orin tí ǹ bá kọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn ni, ká ní mo mọ̀.

Má rò pé mo ti dárí jì ọ́. Inú ṣì ń bí mi. Ọjọ́ tá a bá fojú kanra la ó yanjú rẹ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ibùsùn fẹ̀ jù, orí ńlá. Ilé dákẹ́ jù. Àárò rẹ ń sọ àwọn ọmọ, ó ń sọ èmi náà, mo sì fẹ́ràn rẹ bí mo ṣe ń bú ọ.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ṣófo báyìí, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ ṣì wà lókè. Ibi tí mo máa ń dúró sí náà ni màá dúró sí kọ orin náà nírọ̀lẹ́ òní, màá kọjú sí i. Bó o bá wà nítòsí, tí tọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, ọkọ mi, má tàn án.