Ọmọ Ọlọ́mọ Tí Mo Pọ̀n Kọjá ní Èbúté

                                        Ilé Ìyá Fàlílátù,
                                        Ọ̀nà Èbúté, Ìpakodò,
                                        Ìkòròdú.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 1957.

Rọ̀kíbátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá yín ńkọ́, ṣé àwọ̀n wọn ń kó ẹja? Bísíríyù àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ìdí ló ṣì ń wọ́ kiri? Tí o bá béèrè èmi náà, ara mi le, ojú ló ń tì mí.

Ohun tó mú mi yára kọ̀wé ni pé mo gbọ́ pé ariwo ti gba gbogbo Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ pé mo ti bímọ. Rọ̀kí, irọ́ ni. N kò bímọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo pọ̀n. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní sùúrù kí n rò ó fún ọ, torí pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé-ìwé lọ́wọ́ mi.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ìyá Fàlílátù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni mo ń gbé láti ọdún tó kọjá. Láàárọ̀, èmi ni mo ń lọ gba ẹja wọn nínú ọkọ̀ tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀. Nírọ̀lẹ́, mo ń lọ sí ilé-ìwé àwa tí a pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé Kejì ni mo wà. Tíṣà ní ìkọ̀wé mi dà bí ipa ẹsẹ̀ akàn, àmọ́ ó ní ó ṣeé kà.

Ní ẹnu ọ̀nà èbúté yìí, ògbólógbòó ọkọ̀ kan wà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Orí rẹ̀ ni àwọn alágbàárù máa ń jókòó sí, Súbérù ni ọ̀gá wọn. Kò sí obìnrin tó lè ti odò bọ̀ kó má gba iwájú wọn. Wọn á na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà. Wọn á fa ìborùn, wọn á di ọwọ́ ẹni mú bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ iṣu wò. "Ìyàwó mi, o ò kí ọkọ ẹ?" "Ẹlẹ́ja, ẹja ẹ ń rùn, ìwọ ò rùn o!" Wọn á rẹ́rìn-ín, agbọ̀n á máa mì lórí mi, omi ẹja á máa ṣàn wọ ọrùn mi.

Má rò pé n kò gbọ́n. Mo kọ́kọ́ wọ bùbá Ìyá Fàlílátù tó tó aṣọ ìgbòkun. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo wọ aṣọ ni àbí aṣọ ló wọ̀ mí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, pé bóyá àánú á ṣe wọ́n. Nígbà tí mo ń bọ̀, Súbérù pariwo pé, "Ọmọ Ẹ̀pẹ́! Ẹsẹ̀ ọ̀tún lò ń tiro lẹ́ẹ̀kan, kí ló gbé e lọ sí òsì?" Rọ̀kí, mo gbàgbé èyí tó ń dùn mí! Lẹ́yìn ìyẹn, mo dúró síwájú dígí, mo kọ́ èébú mẹ́fà sórí, tó gbóná bí ata. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Wọn á ní kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń pè mí.

Àwọn Ìlàjẹ kan ń gbé yàrá tó kángun nínú ilé wa. Abraham lorúkọ ọkọ, apẹja ni. Ìyàwó rẹ̀ ń hun ẹní, ọmọ wọn Matthias, olóṣù méje, kì í jẹ́ kó rọ́wọ́ hun ún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa pọ̀n ọ́n lọ sí èbúté. Ìyá Matthias súre fún mi bí ẹni tó rí àǹjọ̀nú rere. Kò mọ̀ pé olè ni mí, pé ọ̀wọ̀ ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ jí lò.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, mo rọra gba iwájú wọn. Súbérù wo ẹ̀yìn mi, ó ká ẹsẹ̀ kò. "Ẹ rọra o, ìyá ọmọ. Ẹ kú ìtọ́jú o." Ẹ! Èmi Mùnírátù ni wọ́n ń pè ní ẹ! Ó tún bá mi sọ agbọ̀n kalẹ̀. Inú mi wú ju búrẹ́dì lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ń fi ohùn ìyá ọlọ́mọ mẹ́jọ dá wọn lóhùn. Mo ti ń bá àwọn abiyamọ ní èbúté sọ̀rọ̀ inú rírun. Ọmọ tí kò léyín lẹ́nu ló ń ṣọ́ mi, èmi rò pé ọgbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀ ọ́ nílé, ó máa ń dùn mí pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ọkùnrin kan tí kò sí, tí wọ́n rò pé òun ló ni mí, ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Àfi bí Ìyá Tìrìmísíyù, aládùúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́, ṣe ti inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Mùnírátù! Ìgbà wo?" Súbérù ń gbọ́. N kò lè sọ òótọ́. Mo ní, "Ó ti pé oṣù méje, mà." Wọ́n ní kí lorúkọ ọmọ. Òmùgọ̀ ni mí, mo ní Matthias. "Lá ìláhà ilá Láhù!" Wọ́n padà sínú ọkọ̀ bí ẹni tí akàn gé lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá mi dé pẹ̀lú Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Bàbá kò jókòó, kò mu omi. Ìyá Àgbà ní tiwọn gbé osùn, àdí àgbọn àti kànrìnkàn tuntun dání.

Bàbá ní, "Ta ni bàbá ọmọ náà?"

Ẹ̀rù bà mí, mo dáhùn ohun tí wọ́n bi mí. "Abraham ni, sà. Yàrá tó kángun yẹn ló ń gbé."

Bàbá bọ́ fìlà. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ gbé ọmọ wá kí n wẹ̀ ẹ́ ná. Tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ lè máa jà."

Ibẹ̀ ni Ìyá Matthias ti wọlé, ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀. "Mùnírátù, ṣé wàá pọ̀n ọ́n lọ sí èbúté lọ́la?" Gbogbo ojú yí sí Matthias, ó ń fa ọmú lọ. Ìyá Fàlílátù ní kí ni mò ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ní èbúté. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹkún àti ikun imú pọ̀ lẹ́nu mi.

Bàbá gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ó tó. Di ẹrù ẹ. Ọ̀la la ó jọ padà sí Ẹ̀pẹ́."

"Ilé-ìwé ńkọ́, Bàbá?"

"Èyí tí o kà tó."

Súbérù ló ṣẹ̀, èmi ni mo ń di ẹrù. Mo dì í tán, mo tún tú u, mo tún dì í, pé bóyá ọkàn wọn á yí. Kò yí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá lọ béèrè ọkọ̀. Èmi ń rìn níwájú Ìyá Àgbà àti Ìyá Fàlílátù, ẹrù lórí mi. Súbérù rí ẹ̀yìn mi lófìfo. "Ọmọ dà? O ti já a lẹ́nu ọmú? Ṣebí mo sọ fún yín, irọ́ ló ń pa fún wa!" Ó di ọwọ́ mi mú.

Bàbá ti ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ sáré bọ̀, àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Àgbà dúró sáàárín. "Sọ àjẹ̀ yẹn kalẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ, níbo lo ti kọ́kọ́ di ìyá ọmọ yìí lọ́wọ́ mú? Kì í ṣe èbúté Ẹ̀pẹ́ ni? Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sunkún kó tó lè padà wá sọ́jà." Bàbá sọ àjẹ̀ kalẹ̀. N kò rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Àgbà lọ jókòó sórí ògbólógbòó ọkọ̀ náà, sáàárín àwọn alágbàárù, wọ́n tún ìró ró. Wọ́n kọjú sí Súbérù.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Èmi, mà?"

"Ṣé ewúrẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ Ṣẹ̀rífátù ni mí, mà."

"Ṣẹ̀rífátù elédé? Tó wà ní Ọjà Olúwo? Ọwọ́ mi lo wà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, o tọ̀ sí mi láṣọ! Èmi àti ìyá ẹ máa ríra lónìí. Kí ni kí n sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ń ṣe ní Ìpakodò?"

Súbérù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìpẹ́ ẹja. Ìyá Àgbà yíjú sí ẹni kejì. "Ìwọ náà, ọmọ ta ni ẹ́?" Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, gbogbo wọn ti rántí ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá Fàlílátù gbé àtẹ ẹja sórí ọkọ̀ náà. Àwọn ẹlẹ́ja yòókù wo ara wọn, wọ́n gbé tiwọn wá. Títí di òní, ibẹ̀ ni wọ́n ń tà.

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Mùnírátù, máa padà lọ sílé. Má pẹ́ dé ilé-ìwé nírọ̀lẹ́. Máa lọ, mò ń wò ọ́." Ó yẹ kí n sọ pé, "Bàbá, ẹ má wò mí, àwọn ni kí ẹ máa wò." Ọ̀rọ̀ náà dára, àbí? Ilé ni mo dé kí n tó rò ó.

Mo yan, Rọ̀kí! Mo gbé ọrùn sókè bí ẹyẹ lékeléke, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn kọjá, mo dé ojú títì, kí n tó rí i pé ẹrù mi wà nílẹ̀ ní èbúté. Mo padà lọ gbé e. Súbérù ló dúró tì í. Ó sún sẹ́yìn. Mo gbé ẹrù karí, mo tún kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀yìn mi ṣófo, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí.

Bá mi kí ìyá yín àti bàbá yín. Kí Mùsílímátù, sọ fún un pé mo rí aṣọ tó ní kí n wá. Fèsì kíákíá, tí o kò bá sì rí ẹni bá ọ kọ ọ́, ya àwòrán, màá mọ̀ ọ́n.

Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
Mùnírátù.