Ìgbéyàwó Tí Kò Ní Kámẹ́rà

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ọláyíwọlá,
Pedro, Ṣómólú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Oyèbísí ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ìyá Ẹwàolúwa,

Jókòó kí o tó ka èyí. Mo ti lọ́kọ! Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí èmi Morọ́láyọ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ti di ìyàwó, n kò sì sọ fún ọ. Má bínú. Mo pa ẹnu mọ́ nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, yóò fò lọ. Ní báyìí tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń dá rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ṣúgà lá.

Báwo ni ara rẹ? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti rọlẹ̀? Bàbá Ẹwàolúwa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn ní àárọ̀? Ẹwàolúwa àti àwọn ìbejì rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìjì jà ní Ìperu lóṣù tó kọjá, mo dúpẹ́ pé kò ṣí òrùlé yín. Ní tèmi, kò sí àìsàn kankan, àfi ayọ̀ àti ìbínú, àwọn méjèèjì ló sì ń bá mi jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Oyèbísí, ohùn mi ò níyì mọ́. Ogójì ọdún tí mo fi ṣeré tíátà ti bà á jẹ́. Bí mo bá sunkún lórí fóònù, ẹni tó ń gbọ́ mi á rò pé mò ń múra eré sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi láti fọ́ọ̀mù kejì, nígbà tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, tí o máa ń wo ìṣirò mi kọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò ṣeré rí.

Bámilóyè ni orúkọ ọkọ mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà ní Bàrígà níbí. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kò ní tẹlifíṣọ̀n, kò sì mọ̀ mí rí. Lọ́dún tó kọjá ni a lọ ya fíìmù kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣubú sómi, kí n máa pariwo pé mò ń kú lọ. Omi tí kò ju ìbàdí lọ! Mo ṣubú, mo figbe ta. Àfi bí bàbá kan ṣe ju òòlù sílẹ̀, ó bẹ́ sómi tòun ti bàtà, ó gbé mi kọ́ èjìká bí àpò gààrí, ó ń sáré lọ sókè, ó ń pariwo pé, "Màdáámù, ẹ mí! Ẹ mí, ẹ jọ̀ọ́!" Olùdarí eré ń bú u, àwọn tó gbé kámẹ́rà ń rẹ́rìn-ín. Oyèbísí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń figbe ta nínú eré. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sáré wá.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi ń rí fún ọ.

Lọ́jọ́ tí a lọ fọwọ́ síwèé, akọ̀wé tó yẹ kó so wá pọ̀ wò mí, ó wo Bámilóyè, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá Ayọnusọ! Kámẹ́rà yín dà?" O rántí pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe Ìyá Ayọnusọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá onílé tó máa ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ayálégbé wò. Orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo ní kò sí kámẹ́rà. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ ti fi í sínú fúláwà." Ó gbé ìkòkò fúláwà orí tábìlì, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó tún táì rẹ̀ ṣe síbẹ̀, ó wá ń fi ohùn bàǹtà-banta ka ẹ̀jẹ́ fún wa, ó ń kọjú sí ògiri.

Mo délé, mo sọ fún Rùkáyátù tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé wa. Ó ní, "Ẹ kú oríire, mà. Ìgbà wo ni apá kejì ń jáde?" Mo fi ìwé hàn án. Ó gbé e sókè wò nínú oòrùn, ó ní òǹtẹ̀ rẹ̀ jọ tòótọ́ gan-an, pé àwọn òṣèré òde òní mà ń gbìyànjú o. Láti ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní Pedro!

Èyí kéré. Màmá Peculiar, ẹ̀gbọ́n Bámilóyè tí wọ́n ń yan ẹja ní àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà, ni olórí ẹbí wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní ìwé olóǹtẹ̀ ò ṣílẹ̀kùn ilé bàbá àwọn, àfi kí àwọn ènìyàn mi wá fi ẹnu ara wọn fà mí lé àwọn lọ́wọ́. N kò bá wọn jiyàn, ohun tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní, "Òṣèré ṣáà ni ọ́. O lè háyà bàbá, o lè háyà ìyá, o lè háyà ẹ̀gbọ́n onírùngbọ̀n. Báwo la ó ṣe mọ̀?"

Nítorí náà, èmi ìyàwó tuntun ń sùn ní Pedro, ọkọ mi ń sùn létí ọ̀sà. Ó ń wá kí mi lẹ́yìn iṣẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé tó wá gba lẹ́sìn, á jókòó sí etí àga, á jẹun, bó bá sì di aago méje, á wá fìlà rẹ̀. Ṣé irú ìgbéyàwó wo nìyẹn?

Mo ní kò burú. Mo fi fọ́tò Bùrọ̀dá Bọ́dúndé hàn wọ́n lórí fóònù mi, mo ní ẹ̀gbọ́n mi nìyí, ọmọ ìyá àti bàbá mi, àwọn nìkan ló kù fún mi. Màmá Peculiar sún fóònù mọ́ ojú, wọ́n sún un sẹ́yìn. Ni wọ́n bá pariwo, "Peculiar! Gbé fóònù tìẹ wá! Wá bá mi wo ọkùnrin yìí!" Peculiar ni ọmọ-ọmọ wọn tó ń kàwé ní Akọka. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi wá fíìmù tí wọ́n ti rí ojú Bùrọ̀dá rí jáde.

O ti mọ èyí tí mò ń wí. Ọdún méjìdínlógún nìyí tí èmi àti ìwọ kì í dárúkọ rẹ̀. Olùdarí eré ní fún ìgbéyàwó inú fíìmù náà, òun ń fẹ́ ojú tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, ará ilé tó jọ ará ilé. Èmi ni mo pe ilé. Mo ní, "Bùrọ̀dá, mò ń ṣègbéyàwó, ẹ kó gbogbo ilé bọ̀." N kò sọ pé fíìmù ni. Mo ń sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá dé ni n óò sọ. Ìwọ náà wà nínú ọkọ̀ tó kó wọn wá Èkó. O rí àgbò tí Bùrọ̀dá so mọ́ ẹ̀yìn, o rí agbádá bàbá wa lọ́rùn wọn. Ẹ dé, ẹ bá iná àti kámẹ́rà, ẹ rò pé àwọn tó ń ya fídíò ìyàwó ni. Bùrọ̀dá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n pe orúkọ bàbá wa, wọ́n ní, "Morọ́láyọ̀, ó pẹ́ tí a ti ń retí òní," omijé sì bọ́ sí mi lórí. Ni olùdarí bá kígbe pé ó tó. Ó ní, "Bàbá, ó dára gan-an. Ẹ tún àdúrà náà gbà. Ẹ jẹ́ kí omijé yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó bọ́."

Bùrọ̀dá wò mí. Oyèbísí, wọ́n tún un gbà. Wọ́n tún un gbà kí ojú má baà tì mí láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú àgbò wọn, wọ́n kó yín padà sí Ìperu. Fíìmù yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ fún mi. Mo dúró lórí pèpéle, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kùn mí ní àtíkè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. N kò dárúkọ wọn.

Mo ti wo fíìmù náà láìmọye ìgbà, ojú ara mi nìkan ni mo máa ń wò. Nínú èéfín ẹja lọ́dọ̀ Màmá Peculiar ni mo tó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Màmá Peculiar ń mi orí, wọ́n ní, "Ọkùnrin yìí mọ eré ṣe jù ọ́ lọ." Mo ní wọn ò ṣeré. Wọ́n ní, "Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn."

Mo pe Bùrọ̀dá lọ́jọ́ kejì. Mo ní mo ti lọ́kọ, kí wọ́n wá fà mí lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Kí ni àkọlé rẹ̀?" Mo ní àkọlé kí? Wọ́n ní, "Àkọlé fíìmù náà, kí n lè mọ agbádá tí n óò wọ̀." Wọ́n pa fóònù, wọn ò sì gbé e mọ́ títí di òní.

Inú bí mi! Mo ń rin yàrá ká, mo ń rojọ́ wọn fún Bámilóyè. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán. Ó ní, "Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n rí?" Mo ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé a jọ ń jẹun lọ́dọọdún ní Kérésìmesì. Ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo béèrè." Ọkùnrin yìí lè dá èèyàn lágara! N kò bẹ̀ wọ́n rí, Oyèbísí.

Mo lè wá sí Ìperu fúnra mi, ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú Bùrọ̀dá tí mo sunkún, ẹ̀yìn mi ni wọn óò máa wò bóyá kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Rájí awakọ̀ mú lẹ́tà yìí wá bá ọ. Dákun, gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn. Àwọn ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ a, b, d. Bùrọ̀dá, bí ẹ bá ti dé ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo fi yín ṣeré. Ohun tó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ti wá.

Ìwọ Oyèbísí, mú fọ́tò ọjọ́ tí a jáde ìwé mẹ́wàá dání, èyí tí bàbá mi dúró láàárín, tí Bùrọ̀dá wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú irun rẹpẹtẹ, tí èmi àti ìwọ di ọwọ́ ara wa mú. Jẹ́ kí Màmá Peculiar wá sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ń háyà fọ́tò tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá fà mí lé wọn lọ́wọ́, fóònù ẹnikẹ́ni ò ní wọ àgbàlá Màmá Peculiar. Peculiar yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n ẹja, inú rẹ̀ ni gbogbo wa óò kó fóònù sí, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń rùn títí ọdún yóò fi parí.

Bá mi kí Bàbá Ẹwàolúwa, kí o kí Ẹwàolúwa àtàwọn ìbejì, kí o sì kí gbogbo ilé wa. Sọ fún Bùrọ̀dá pé mi ò fẹ́ àgbò. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ lórí mi. Kí wọ́n gba àdúrà ọjọ́ yẹn fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn óò gbà á, kò sẹ́ni tí yóò ní kí wọ́n tún un gbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ orí bẹ́ńṣì kan náà,
Morọ́láyọ̀, ìyàwó Bámilóyè.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Bélú, ní Ìlàjẹ, Bàrígà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí gbogbo yín ti dé.