Àgbàdo Tí Ẹ̀kọ Rẹ̀ Kì Í Dì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Démọ́lá, tó ń ṣe tíṣà ní Òde-Omi, mo kí ìyàwó wọn àti gbogbo ará ilé ní Japara. Bùrọ̀dá ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí tẹbí-tọ̀rẹ́ lè kà á.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Iṣẹ́ ìwádìí mi ti yege, wọ́n sì ti ń pè mí ní dókítà.

Ẹ ti máa ń bi mí pé kí ni mò ń wá nínú àgbàdo láti ọdún mélòó kan wá. Ewé àgbàdo ló ń fi oòrùn ṣe ṣúgà. Nínú wóro rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ojú kò lè rí, ẹ́ńsáìmù là ń pè wọ́n, àwọn ló ń so ṣúgà náà pọ̀ di sítáàṣì. Àwọn kan ń so ó gùn gbọọrọ bí okùn, àwọn kan ń mú un yọ ẹ̀ka bí igi. Èyí tó gùn bí okùn ló ń jẹ́ kí ẹ̀kọ dì. Àgbàdo kan wà láti Éṣíà tí ẹ̀kọ rẹ̀ kì í dì, ṣe ló ń fà bí ilá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ.

Èrò tèmi ni pé jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí irúgbìn ń jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, èyí tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù okùn, ló bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi tó ń darí ìwádìí náà, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ní rárá, àwọn tó ń yọ ẹ̀ka ló ń ṣe àṣejù. Ó ní bí mi ò bá rí ẹ̀rí mú wá, òun á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni pé kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Màmá, òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Inú ilé onígíláàsì ni mo gbin àgbàdo sí, tí òjò dídì ń bọ́ lé òrùlé. Ẹni tó lè pe orúkọ mi kò sí, mo wá ń bá àgbàdo sọ Ìjẹ̀bú kí ohùn ẹnu wa má baà sọnù.

Mo fi èyí tó ń dì gun èyí tí kì í dì. Gbogbo ọmọ wọn ló dì. Mo tún àwọn ọmọ náà gbìn. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ gbó, mo gé wóro wọn, mo kán áyódíìnì sí i, oògùn tó ń sọ sítáàṣì okùn di dúdú. Lórí ṣùkù kan náà, ọ̀pọ̀ dúdú bí aró, díẹ̀ sì pọ́n bí ilẹ̀ Japara. Àwọn tó pọ́n ni wọ́n jogún ìbàjẹ́ náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Nígbà tí mo ka jíìnì náà lẹ́tà lẹ́tà, mo bá àjákù kan láti ibòmíràn tó há sáàárín rẹ̀, tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́.

Jíìnì kan náà ló bàjẹ́ nínú ìrẹsì àti ọkà bàbà tó ń lẹ̀, àmọ́ ojú ibi tó ti bàjẹ́ yàtọ̀. Koríko kan láyé àtijọ́ ni baba ńlá gbogbo wọn. Àwọn àgbẹ̀ tí kò mọra wọn rí ló yan ohun kan náà nítorí adùn ẹnu wọn.

Ọ̀gá mi wò ó títí. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní òun ló ṣì í, èmi ni mo gbà á. Lọ́jọ́ ìdánwò, bàbá arúgbó kan nínú àwọn tó ń dán mi wò bi mí pé ta ni èyí máa ṣe láǹfààní. Mo dá a lóhùn pé nílùú mi, ẹni tó bá po ẹ̀kọ tí kò dì, kò ní í gbádùn lọ́jọ́ náà, àti pé ní báyìí, àgbẹ̀ lè mọ irúgbìn tó yẹ kó tó gbìn ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde bọ̀ mí lọ́wọ́.

Màmá, nígbà tí mo pè yín, orin ìdúpẹ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu yín. Mo ń sunkún, mo sì ń bá yín gbè é. Ohun tí mi ò rí sọ lọ́jọ́ náà nìyí: wọ́n ti fún mi níṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Mò ń bọ̀ wálé.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí aládùúgbò, ẹ kí ẹni tó bá bèèrè mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mojísọ́lá