Afínjú Ka Ìwé Mi Sókè

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le. Inú mi tiẹ̀ ń dùn lọ́nà tí kò yẹ ọmọlúàbí, gbọ́ ìdí rẹ̀.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú dátábéèsì ilé ìwòsàn wa, níbi tí irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àti oògùn tí ara wọn kọ̀ wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó rí orúkọ kan, èmi ni mo ṣe atọ́ka sí i, bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, tó fi ń yọ wàrà. Ọ̀gá wa, Afínjú, ló gba ìyìn rẹ̀. Mo gbé e mì.

Lẹ́yìn náà ni mo dán ẹ̀dà ìpamọ́ wò, èyí tí à ń fi gba orúkọ padà bí dátábéèsì bá bàjẹ́, mo bá a lófìfo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí Afínjú. Ó ní, "Ìyá oníyọnu, ṣé o ò níṣẹ́ ni?" Nígbà tí ẹ̀rọ wá dákú fún wákàtí kan, ó sọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Wọ́n lé mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tú báàgì mi wò bíi ti olè.

Oṣù kejì tí wọ́n lé mi, dátábéèsì dojú dé. Wọ́n ṣí ẹ̀dà ìpamọ́, òfìfo! Olùdarí pè mí fúnra wọn. Mo ní, "Ibi tí ẹ̀dà gidi wà ń bẹ nínú ìwé mi kẹta. Ẹ jẹ́ kí Afínjú kà á sókè níwájú àwọn tó gbọ́ nígbà tó bú mi. Mò ń bọ̀ lọ́nà."

Ojú mi ló ṣe. Ó dúró láàárín wọn, òógùn bo aṣọ rẹ̀, ó ń kà á: "Nítorí pé ẹ ò dá mi lóhùn, mo ti to ẹ̀rọ kejì sí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń da gbogbo nǹkan kọ." Kò ṣí ìwé yẹn rí! Mo ní kí ó tún ìlà tó kẹ́yìn kà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì di ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo orúkọ tó pé padà.

Wọ́n ní kí n padà wá, àwọn á lé Afínjú. Mo ní kí wọ́n má lé e, kí wọ́n fi í sábẹ́ mi. Láràárọ̀ báyìí, ó ń wá síwájú tábìlì mi wá jábọ̀ pé òun ti dán ẹ̀dà ìpamọ́ wò. Mo máa ń ní kí ó lọ dán an wò sí i.

Ọlọ́run kò ní fi ọ́ sábẹ́ ọ̀gá tí kì í kàwé. Wàá rí bá ti ṣe, ara rẹ á máa le.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.

Àfikún: Màmá ní kí n dárí jì í. Mo sọ fún wọn pé mo ti ń gbìyànjú. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni.