Ilé Tí A Kò Tíì Tà Tán, Ilé Tí A Kò Tíì Rà Tán

Fiditi,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1991.

Sàúdátù ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín dá ṣáṣá? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ wọ mọ́tò tí yóò dànù ní Èkó tí ẹ wà yẹn, ọ̀gá rẹ kò sì ní rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, àmín. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àbúrò mi Fàòsíyà ní kí n kí ọ. Kíkí tó.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, nítorí mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. O ní ta ló gbà mí nímọ̀ràn kí n máa ra ilé nígbà tí èyí tí mo ń tà kò tíì tà tán. O ní ní báǹkì tí o ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sàúdátù, ṣé èmi ni mo bí ọ ni àbí báǹkì?

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí o tó tún bá mi wí. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá yín kọ́ sí Ilora, yàrá mẹ́jọ ni, èmi nìkan ló sì kù síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún lọ gbá yàrá tí ẹnì kankan kò sùn sí. Ìgbà tí mo jábọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, tí mo jókòó sórí símẹ́ǹtì láti àárọ̀ títí Fàòsíyà fi ti Fiditi dé, mo ní ó tó. Fàòsíyà ní ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun, yàrá méjì, kò ní àtẹ̀gùn kankan, Ọlájídé télọ̀ ló ń tà á. Mo wò ó, ó wù mí. Tíṣà Fáwùmí, tó kọ́ mi ní ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ní òun yóò ra tèmi. Ó san ìdajì, mo gbé ìdajì náà fún Ọlájídé. Kí ló burú níbẹ̀?

Ohun tó burú ni pé ìdajì kejì kò dé. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, owó tí ìjọba máa san fún un ló gbójú lé. Mo bi í títí, ó ní fáìlì òun ló sọnù ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn, wọn kò sì lè san nǹkan kan bí fáìlì kò bá jáde. Inú bí mi gidigidi. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, fáìlì lásán ni wọ́n fi dá a dúró? Mo lọ bá alágbẹ̀dẹ ní Jobele, mo ra fáìlì tuntun, èyí tó mú dáadáa tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá, mo bá wọ mọ́tò Ìbàdàn. Mo gbé e lé tábìlì akọ̀wé. Mo ní kí wọ́n fi èyí dípò èyí tó sọnù, kí wọ́n sì sanwó Tíṣà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín o. Mo jókòó sílẹ̀, mo ní n kò lọ. Ariwo wọn ni ọ̀gá wọn gbọ́ tó fi jáde, mo sì rò ó fún un. Òun náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n wá fáìlì Tíṣà lójú òun. Abẹ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti rí i, wọ́n fi tì í kó má baà mì. Páálí lásán ni, kì í tilẹ̀ ṣe irin! Bí ìjọba ṣe ń fi páálí pọ́n nǹkan, n kò mọ̀. Mo mú fáìlì tèmi padà, torí wọn kò mọyì rẹ̀.

Ọ̀gá náà kọ̀wé fún Tíṣà pé owó yóò jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọlájídé ní òun kò lè dúró, pé òun náà ti san ìdajì sórí ilé kan ní Ọ̀yọ́, onílé ọ̀hún sì ń pariwo mọ́ òun. Àwa mẹ́ta bá gbé ìwé ọ̀gá lọ bá onílé Ọ̀yọ́. Ó kà á, ara rẹ̀ rọ̀, ó ní kí kálukú kó sínú ilé tó ń rà, kó máa san owó ilé títí ìyókù yóò fi pé. Báyìí, Tíṣà ń san fún mi, mò ń san fún Ọlájídé, Ọlájídé ń san fún ará Ọ̀yọ́. Èmi ìyá onílé wá di ayálégbé nínú ilé tí mò ń fi owó ara mi rà! Ta ni mo ṣẹ̀?

Ìwọ wá ní kí n yá owó afárá ní báǹkì yín, pé òun ni ẹni tó wà láàárín ilé méjì fi ń kọjá títí owó èyí tó tà yóò fi pé. Afárá wo? Láti ìgbà tí a kò tíì bí ọ ni mo ti ń rin ọ̀nà Ilora sí Fiditi, ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ afárá lọ́wọ́ mi rí. Bí àwọn ará Èkó bá ń sanwó kí wọ́n tó kọjá odò wọn, tiwọn nìyẹn.

O tún bi mí pé kí ló dé tí mo ta ilé bàbá yín. Iléyá mẹ́ta ni mo ti pa àgbò, tí mo sì pín in fún àwọn ará àdúgbò, nítorí kò sẹ́ni tó wálé nínú yín. Lọ́jọ́ tí mo ń kó jáde, mo gun òkè lọ gbá yàrá yín lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò mọ ìgbà tí omi ń bọ́ lójú mi. Tíṣà gòkè wá, ó na ọwọ́, ó ní, “Màmá, ẹ gbé ìgbálẹ̀ yẹn fún mi. Ó ti kàn mí.” Mo gbé e fún un.

Mo fẹ́ kí o fi owó ránṣẹ́ sí mi, owó ọkọ̀ tó kó ẹrù mi àti ti àgádágodo kan, torí Ọlájídé mú tirẹ̀ lọ. Má fi lé báǹkì lọ́wọ́, fún ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí, o ó dàgbà, o ó darúgbó. Kí àwọn ọmọ rẹ máa wá wò ọ́ láìjẹ́ pé o fi lẹ́tà pè wọ́n. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlàkẹ́.