Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi Tí N Kò Jẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti yàrá ìdáná tí o mọ̀ dáadáa. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹ́ kí o sinmi? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Inú mi ì bá dùn bí lẹ́tà yìí bá bá ọ láyọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun ayọ̀.

Ilé bàbá-ńlá wa tí a sọ di ilé oúnjẹ ṣì dúró. Ìjọba ti kan àkọlé mọ́ ògiri iwájú pé ilé ìtàn ni, a kò gbọdọ̀ yí fèrèsé kan padà. Àwọn aládùúgbò ṣì ń wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n tábìlì mẹ́ta péré ló kún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Onígìtá tí ẹ jọ ń kọrin nìkan ló kù ní pálọ̀. Ó mọ gìtá ta o, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu kọrin, àwọn èèyàn á rántí pé àwọn ní ibi tí àwọn ń lọ.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: mo jowú rẹ. Èmi ni mo ń jí gé àlùbọ́sà tí omi ń dà lójú mi. Nígbà tí o wà níbí, bí o bá bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n á fi ṣíbí sílẹ̀, ọbẹ̀ mi á sì tutù lójú mi. Ìwọ ni Olóhùn-iyọ̀. Èmi tí mo ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ wọn, Alásè lásán ni mí.

O rántí bí a ṣe ń ṣe é. Oníbàárà á kọ oúnjẹ tó fẹ́ sókè ìwé, á kọ ẹni tó fẹ́ kó kọrin fún un sísàlẹ̀. Èmi ni mo ń ya ìwé náà sí méjì, tí mo ń fi ìsàlẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá ẹ̀yìn tí ẹ̀yin olórin ti ń dúró kí wọ́n tó pè yín sí pálọ̀. Ti onígìtá ń dé ọwọ́ rẹ̀. Tìrẹ, inú agolo tíì ni mo ń kì í sí, oṣù mẹ́rin gbáko. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo ní ọ̀fun ń dùn ọ́, kí wọ́n má dà ọ́ láàmú.

Lọ́jọ́ tí o di ẹrù, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó bèèrè mi mọ́." Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, bí ayé ṣe rí nìyẹn." Mo tún bá ọ di àpótí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Onígìtá sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù aṣọ lo ń dúró sí báyìí, pé o kì í kọrin mọ́, àní nínú ilé. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mo di àwọn ìwé náà mọ́ lẹ́tà yìí. Kà wọ́n. Télọ̀ òdìkejì títì nìkan bèèrè rẹ nígbà mẹ́tàdínlógún! N kò ní purọ́, bí mo ṣe ń kà wọ́n, owú náà tún ń ta mí. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má bínú sí ohùn rẹ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìwọ àti àwọn ọmọ. Kí ó má jẹ́ kí a di àjèjì síra wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Alásè.

Àfikún: Ó ku ìwé kan tí n kò lè fi ránṣẹ́. Màmá ni wọ́n kọ ọ́, lọ́jọ́ ìkẹyìn tí wọ́n jókòó ní pálọ̀ kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Wọn kò kọ oúnjẹ kankan. Orúkọ rẹ nìkan ni wọ́n kọ. Wọ́n dúró títí, mo ní ọ̀fun ń dùn ọ́, wọ́n sì padà sílé láìgbọ́ ọ. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá gbà á lọ́wọ́ mi.