Olóògbé Teunis Hoogerwerf: Ilé Kan Ṣoṣo Tí Wọn Kò Dé

Pò, pò, pò. Bí mo bá pa ojú dé níbi tí mo wà ní Kánádà, ìró òòlù onígi bàbá wa ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, bí wọ́n ṣe ń lu òjé pẹlẹbẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní ìlú wa, Vlaardingen. Nínú ilé ìró yẹn ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, Teunis Hoogerwerf, sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1934. Àwọn ni àkọ́bí Jacob Hoogerwerf, pọ́ńbà tó ń ṣe páìpù, ọmọ pọ́ńbà, àti Maatje ìyàwó wọn, ọmọ apẹja. Èmi Marinus ni mo tẹ̀lé wọn. Neeltje, àbúrò wa obìnrin, ni àbígbẹ̀yìn.

Àwọn ọmọ olóògbé ló ní kí n kọ ìtàn yìí, nítorí pé èmi ni mo bá wọn dàgbà. Wọ́n ní kí n má ṣe bo nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀: fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀gbọ́n mi tó yẹ kí wọ́n sọ fún Neeltje, wọn kò sì rí ẹnu sọ ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n ti kọ́ ìwé. Ní òtútù ìgbà ogun, ọdún 1944, nígbà tí oúnjẹ tán nílùú, ìdí òdòdó túlípì ni Màmá ń sè fún wa, Teunis a sì máa bu díẹ̀ nínú tiwọn sí abọ́ Neeltje bí Màmá bá yíjú. Ní 1949 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ti omi àti ti gáàsì, wọ́n sì fi ìwé náà kọ́ ara ògiri lókè ibi tí àwọn mìíràn máa ń fi àwòrán ìgbéyàwó kọ́ sí. Ní 1957 bàbá wa gbé ṣọ́ọ̀bù lé wọn lọ́wọ́. Ọdún kejì rẹ̀ ni mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà.

Ní 1960 ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ Jannigje van der Windt, tí gbogbo wa ń pè ní Jans. Páìpù ilé àwọn Jans ló dì nínú yìnyín, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó ti tábìlì ìdáná wọn.

"Ṣé páìpù lẹ wá tún ṣe, àbí kọfí lẹ wá mu?" ni Jans bi wọ́n.

"Kọfí ná," ni wọ́n dáhùn. "Páìpù ò ní sá lọ."

Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ní 1965, nígbà tí gáàsì inú ilẹ̀ rọ́pò gáàsì èédú, ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó ń wọlé kiri, òpópónà sí òpópónà, tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹnu ààrò gbogbo ìlú. Ìyá àgbà kan di ilẹ̀kùn mú. "Ọmọ, gáàsì tuntun yín yìí ò ní pa mí báyìí?" Wọ́n ní, "Gáàsì kọ́ ní ń pààyàn, Màmá. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ni." Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe orin. Wọn kì í dárí ji ẹni tó bá gbé iṣẹ́ gáàsì fún ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ní ìgbéraga oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́. Mo ní láti kọ ìyẹn náà.

Ní oṣù Kọkànlá 1979, Màmá pé àádọ́rin ọdún, mo sì wálé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. A to àga yípo bí a ṣe ń ṣe, oníkálukú di ife kọfí àti ègé kéèkì kan mú. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá sì wà nínú ẹbí, kò lè sinmi nínú àyíká bẹ́ẹ̀.

Neeltje tẹ̀ síwájú lórí àga. "Bọ̀dá Teunis, iná ẹ̀rọ amómigbóná wa ò mọ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń pọ́n bí ọsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà wò ó tí ẹ bá ń lọ."

Ẹ̀rọ kékeré ti ìdáná ni, tí kò ní páìpù èéfín. Ìwọ̀nba omi ìfọbọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, àwọn ènìyàn a máa so ṣáwà mọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n lè fi wẹ̀, bí òtútù bá sì dé, wọ́n á fi ìwé ìròyìn dí ihò atẹ́gùn. Krijn, ọkọ Neeltje, ti jẹ́ kí méjèèjì ṣẹlẹ̀ nílé wọn.

"Ta ló so ṣáwà mọ́ ọn?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè. "Èmi kọ́."

"Aládùúgbò wa ni," ni Krijn fèsì. "Ìgò jíìnì méjì ló gbà. Ká ní ẹ̀yin ni, ẹ̀ bá gba màlúù."

Gbogbo àga rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀gbọ́n mi le.

"Ó dáa. Kí ọ̀mùtí yín wá tún un ṣe. Tàbí kí Neeltje pe ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tò sórí ìlà bíi gbogbo ayé."

"Ha, bọ̀dá mi! Àbúrò yín mà ni mí."

"Ẹni tó bá lówó jíìnì ò nílò ẹ̀gbọ́n."

A tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Willemijn, ọmọ kan ṣoṣo tí Neeltje bí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ balùwẹ̀ lọ fọ irun rẹ̀. Èéfín olóró tí kò ní òórùn, tí iná gáàsì máa ń tú jáde bí kò bá rí atẹ́gùn tó, ló pa á. Nígbà tí Krijn fi èjìká ṣí ilẹ̀kùn, omi ṣì ń dà.

Gbogbo ìlú di ẹ̀bi ru Krijn, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí ọtí fi gbé e lọ ní 1986. Neeltje kó lọ sí ìlú Zwolle tó jìnnà. Ní 1994, ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí kò sí nínú ìwé ìwádìí kankan fún mi. Wọ́n ní, "Marinus, mo mọ ohun tí iná tó bá pọ́n ń sọ. Ó wà lórí ahọ́n mi láti wí fún Neeltje àti ọkọ rẹ̀ pé, 'Ẹ má tan án títí Mọ́ńdè.' Mo gbé e mì, kí Krijn má bàa sọ pé iṣẹ́ ni mò ń wá."  

Láti ìgbà ìsìnkú Willemijn, ṣọ́ọ̀bù wọn kò ní ìlà mọ́. Ẹni tó bá pè, ọjọ́ náà ni wọ́n ń lọ. Alàgbà ìjọ wá bá wọn nítorí iṣẹ́ Ọjọ́ Àìkú: "Arákùnrin, ọjọ́ Olúwa mà lòní." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ Olúwa náà ni ọmọ yẹn kú." Wọ́n fi ipò díákónì sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìjókòó wọn sílẹ̀, ìyẹn àga tó kẹ́yìn.

Ní gbogbo oṣù Kẹwàá wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ àwọn arúgbó Vlaardingen wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fa ìwé ìròyìn yọ nínú ihò atẹ́gùn. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́. Nígbà tí ìlú fẹ́ fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ, wọn kò lọ gbà á. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Zwolle, wọ́n dúró ní òdìkejì títì, wọ́n wo fèrèsé Neeltje, wọ́n padà sílé. Jans sọ pé lẹ́tà tí wọ́n kọ tí wọ́n sì fà ya kún inú agbọ̀n.

Ní ọdún 2012 ẹ̀dọ̀fóró wọn kò gbé e mọ́. Fenna, ọmọ ọmọ wọn, kọ́ wọn bí a ṣe ń fi fóònù kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, odidi òwúrọ̀ ni wọ́n fi kọ ẹyọ kan. Aago mọ́kànlá ló lọ. Neeltje wọ ọkọ̀ ojú irin láìmú báàgì. Aago méjì ni ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Nígbà tí Neeltje kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́ta, Lijsbeth, ọmọ wọn obìnrin, rò pé àwọn oníṣẹ́ pósí ló dé.

Wọ́n fi aya sílẹ̀ sáyé, Jans, àwọn ọmọ, Jacob, Lijsbeth àti Huibert, ọmọ ọmọ méje, tí Fenna jẹ́ àgbà wọn, àtọmọdọ́mọ méjì, èmi Marinus, àti Neeltje.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ sùn, kí Ọlọ́run tó mọ inú gbọ́ ìyókù lẹ́nu yín.

Neeltje ní kí a tẹ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ síbí, kí gbogbo ìlú kà á nítorí Krijn:

"Neeltje, Teunis ni. Kì í ṣe Krijn. Mo mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mi ò sì sọ. Mi ò ní kó o dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé o béèrè. Ohun tó yẹ kí ìyá ṣe lo ṣe. Èmi ni mi ò dáhùn."